Hilux Àtijọ́, Mílíọ̀nù Kan Àbọ̀ Náírà, àti Ibi Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan láti Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo kọ̀wé pé bàbá òun tí ó di olóògbé fi píkọ́ọ̀pù Toyota Hilux ọdún 1992 sílẹ̀ fún òun. Onílẹ̀kùn méjì ni, ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 22R tí ń lo bẹntiróòlù, táyà ẹ̀yìn nìkan ni ó sì ń fa ọkọ̀. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí ó ti wà lábẹ́ igi láìṣiṣẹ́. Òǹkàwé yìí fẹ́ máa fi kó sìmẹ́ńtì àti oúnjẹ adìẹ lọ sí Ìkìrun àti Iléṣà, mílíọ̀nù kan àbọ̀ náírà ni ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì tòkunbọ̀ rọ́pò ti bẹntiróòlù nítorí ọ̀wọ́n epo, kí òun fi lífù (àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn) kún sípíríìnì ẹ̀yìn kí ọkọ̀ lè gbé ẹrù púpọ̀, kí òun wọ táyà ńlá sí i, kí òun sì kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Ó béèrè èyí tí ó yẹ kí òun kọ́kọ́ ṣe, àti bóyá owó náà yóò tó.

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá, Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Kí n má fi ọ̀rọ̀ gùn, mílíọ̀nù kan àbọ̀ kò lè ká ohun mẹ́rin tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọkọ̀ náà nílò báyìí. Ohun tí ó nílò ni kí ẹ mọ̀ bóyá ṣáásì rẹ̀ ṣì le, bóyá yóò dúró nígbà tí ẹ bá ní kí ó dúró, àti bóyá ẹ́ńjìnì tí ó wà níbẹ̀ ṣì ní okun nínú. Bí ẹ bá ná owó náà tẹ̀ lé ọ̀nà yìí, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wọlé kí owó ọwọ́ yín tó tán. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀dà àti táyà, ẹ óò ní ọkọ̀ tí ó dùn-ún wò ní iwájú ilé, tí ẹ kò sì ní lè fọkàn tán dé Ìkìrun. Ìdí ni a ti ń gun igi.

Ṣáájú ohun gbogbo, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà, ìyẹn 375,000 náírà, sọ́tọ̀, kí ẹ sì ṣe bí ẹni pé kò sí. Ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ ní ìdúró máa ń fi àìsàn kan pa mọ́ títí tí a ó fi tú èyí tí ó wà níwájú rẹ̀. N kò ní ka iye owó ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan fún yín níbí, nítorí pé iye tí wọ́n bá pè lónìí lè yí padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Èyí tí ó ṣe pàtàkì ni ìtẹ̀léra iṣẹ́ náà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi jáàkì gbé e sókè, kí wọ́n sì gbé e lé irin ìdúró tí ó lágbára, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, nítorí pé búlọ́ọ̀kù máa ń fọ́ lójijì láìṣe ìkìlọ̀, ènìyàn a sì wà lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ fi omi fọ abẹ́ rẹ̀ títí amọ̀ yóò fi kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ṣáásì ọkọ̀ yìí jẹ́ irin gbọọrọ méjì láti iwájú dé ẹ̀yìn, inú wọn ṣófo ní ibi púpọ̀, wọ́n sì dá àwọn ihò kéékèèké sí i kí omi lè máa jáde. Bí amọ̀ àti ewé bá dí àwọn ihò náà, omi òjò yóò dúró sínú irin, ìpẹtà yóò sì jẹ ẹ́ láti inú bọ̀ wá síta, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú yóò máa rí ọ̀dà dúdú tí ó ṣì ń dán nígbà tí irin tí ó wà lẹ́yìn ọ̀dà náà ti fẹ́lẹ́ pátápátá. Ọkọ̀ tí ó wà lábẹ́ igi fún ọdún márùn-ún, tí ewé ń já lé lórí, kò lè ṣàìní díẹ̀ nínú àìsàn yìí.

Ibi mẹ́ta ni kí ẹ fojú sí jù lọ. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀yìn ibi tí awakọ̀ ń jókòó, níbi tí ilé awakọ̀ àti àpótí ẹrù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé, nítorí pé ibẹ̀ ni amọ̀ máa ń kó sí. Èkejì ni òkè ọ̀pá tí ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, níbi tí ṣáásì ti tẹ̀ sókè. Ẹ̀kẹta ni ibi tí wọ́n ti so orí sípíríìnì ẹ̀yìn mọ́ ṣáásì, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ mú òòlù kékeré, kí ẹ máa fi kan irin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìfi agbára sí i. Irin tí ó ṣì péye yóò dún ketekete, òòlù yóò sì ta padà lọ́wọ́ yín. Irin tí ó ti jẹrà yóò dún pọ̀, òòlù kò ní ta padà, ẹ óò sì gbọ́ tí èèpá ìpẹtà ń ya bọ́ nínú rẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti gbọ́ ìró kejì yìí, ẹ fi ẹnu sukudiréfà tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bí ó bá wọlé, ẹ ti mọ ibi tí owó àkọ́kọ́ yóò lọ.

Bí ó bá jẹ́ ojú kan tàbí méjì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wẹ́dà tí ó mọṣẹ́ lè gé ibẹ̀ kúrò, kí ó sì jó irin tuntun tí ó nípọn tó ti àtijọ́ mọ́ ọn. Ẹ má gbà kí ó gé abulẹ̀ náà ní igun mẹ́rin kí ó wá jó o lóòró láti òkè ṣáásì dé ìsàlẹ̀. Ooru iná máa ń sọ irin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjó di aláìlágbára, bí ìlà ìjó bá sì gba ara ṣáásì já lóòró, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti ṣẹ́ ní ọjọ́ tí ẹrù bá wúwo. Kí wọ́n gé orí abulẹ̀ náà méjèèjì ní ṣóńṣó, kí ìlà ìjó lè máa dà sí ẹ̀gbẹ́ bí ó ti ń lọ. Kí iná tó kan irin, kí wọ́n tú orí wáyà bátìrì kúrò, kí wọ́n sì sọ táńkì epo kalẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ pátápátá. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi àpò tútù bo táńkì kí wọ́n sì máa bá iṣẹ́ lọ; ẹ má bá wọn dá irú àṣà yẹn.

Bí ó bá wá jẹ́ pé sukudiréfà ń wọlé káàkiri, ní apá ọ̀tún àti apá òsì, ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ẹ ta ọkọ̀ náà fún àwọn tí ń tú ọkọ̀ tà, kí ẹ fi owó rẹ̀ kún èyí tí ó wà lọ́wọ́, kí ẹ sì wá Hilux mìíràn tí abẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ohun ìní bàbá ni, ọ̀rọ̀ náà kò sì rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ṣáásì tí ó jẹrà yíká kò ṣeé fi owó kékeré tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á gbà pé ṣáásì le. Ẹ́ńjìnì ni mo fi ṣe ìkejì ní yíyẹ̀wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bíréèkì ni yóò ṣáájú nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ ìnáwó, nítorí pé àyẹ̀wò ẹ́ńjìnì kò gba owó púpọ̀, èsì rẹ̀ ni yóò sì sọ bí owó yòókù yóò ṣe pín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bátìrì tuntun dé kí ó sì tan ọkọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Bẹntiróòlù tí ó ti wà nínú táńkì fún ọdún márùn-ún ti bàjẹ́. Òórùn rẹ̀ ti kan, ó sì ti fi ìdọ̀tí tí ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ sílẹ̀ nínú táńkì, nínú páìpù àti nínú àwọn ihò tín-ín-rín inú kábúrétọ̀. Ẹ fa epo náà kúrò, ẹ fọ táńkì, ẹ pààrọ̀ asẹ́ epo, kí ẹ sì tú kábúrétọ̀ fọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí kò ju ṣíbí kékeré kan lọ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fi sípánà sí bóòtì iwájú ẹ́ńjìnì, kí ẹ fi ọwọ́ yí i. Bí ó bá yí láìjà, ó dára. Bí ó bá há, ẹ tún fi ọ́ìlì sí i kí ẹ ní sùúrù, nítorí pé ríìngì tí ó lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà sábà máa ń tú bí ọ́ìlì bá ti ráyè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi sítátà tàbí títì fipá mú un, ó lè ṣẹ́.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti jí, tí ọ́ìlì rẹ̀ ti di tuntun, tí ó sì ti gbóná dáadáa, ẹ ní kí mẹkáníìkì fi géèjì wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sílíńdà, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́mpíréṣàn. Gbogbo púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ wà níta, kí ẹnìkan sì tẹ ẹsẹ̀ ìtẹpo dé ilẹ̀ nígbà tí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnì. Ìwọ̀n tí Toyota fi lélẹ̀ fún 22R ni 171 psi (psi ni òṣùwọ̀n agbára ìfúnpọ̀ tí ó wà lójú géèjì). Kò gbọdọ̀ kéré sí 142, ìyàtọ̀ àárín sílíńdà kan àti èkejì kò sì gbọdọ̀ ju 14 lọ. Bí ọ̀kan bá kéré, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀ kí ẹ tún un wọ̀n: bí nọ́ńbà bá gòkè, ríìngì ni ó ti gbó, bí kò bá yí padà, ẹ lọ wo fáàfù. Bí méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá jọ kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì ti jó láàárín wọn. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ́ńjìnì ti kú láìjẹ́ pé ó kọ nọ́ńbà mẹ́rin yìí sílẹ̀ lójú yín.

Àléébù kan wà tí ó jẹ́ ti 22R gan-an, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ́ńjìnì yìí kò lo bẹ́líìtì táímìn, èyí tí ń darí àkókò tí fáàfù ń ṣí tí ó sì ń pa dé. Ṣéènì ni ó ń lò, ṣéènì náà sì ń sá láàárín ìtọ́nà méjì tí wọ́n fi ike ṣe. Bí ike náà bá gbó, a fọ́, ṣéènì a wá máa mì, a sì máa ha ìdérí irin tí ó wà níwájú rẹ̀. Omi tí ń tu ẹ́ńjìnì lára ń gba inú ìdérí yẹn kọjá. Ní ọjọ́ tí ṣéènì bá gé e já, omi yóò dà sínú ọ́ìlì, àwọn bíárìn inú ẹ́ńjìnì yóò sì jẹ láìpẹ́ ọjọ́. Ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ ni ariwo wọ́rọ́wọ́rọ́ ní iwájú ẹ́ńjìnì ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀, tí yóò sì dákẹ́ bí ọ́ìlì bá ti gòkè. Ẹ ṣí ìdérí òkè ẹ́ńjìnì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀ ní iwájú. Bí ìtọ́nà apá kan kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ẹ óò rí i, àfọ́kù rẹ̀ yóò sì wà ní ìsàlẹ̀ àwo ọ́ìlì. Bí ẹ bá fa ọ̀pá ìwọnlẹ̀ ọ́ìlì yọ, tí ohun tí ó wà lára rẹ̀ sì rí bí omi ògì, ẹ pa ẹ́ńjìnì náà lójú ẹsẹ̀. Tuntun ni kí ẹ ra ṣéènì àti ìtọ́nà rẹ̀ méjèèjì. Ìtọ́nà tí wọ́n fi irin tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wà lọ́jà, òun ni kí ẹ béèrè.

Ẹ óò tún rí i, bí ọkọ̀ náà bá ti gba ọwọ́ mẹkáníìkì púpọ̀ kọjá, pé wọ́n ti yọ tẹmosítáàtì rẹ̀ sọnù. Wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Iṣẹ́ tẹmosítáàtì ni láti dí ọ̀nà omi títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná dé ibi tí ó yẹ, kí ó tó ṣí i. Láìsí i, ẹ́ńjìnì yóò pẹ́ kí ó tó gbóná, kábúrétọ̀ yóò máa jẹ epo ju bí ó ti yẹ lọ, ọ́ìlì yóò sì tètè dọ̀tí, ọkọ̀ tí rédíétọ̀ rẹ̀ dí yóò sì tún gbóná jù lórí òkè náà ni. Ẹ fọ rédíétọ̀, ẹ fi tẹmosítáàtì sí i, kí ẹ sì lo omi kúlántì dípò omi kànga, tí ń mú ìpẹtà àti èèpá funfun wá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tẹmosítáàtì tí ẹ rà dára, ẹ fi okùn so ó sínú ìkòkò omi lórí iná. Ó gbọ́dọ̀ ṣí kí omi tó hó, ìwọ̀n ooru tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sì wà lára rẹ̀ ní kíkọ.

Èyí gbé wa dé ọ̀rọ̀ dísẹ́ẹ̀lì. Ó yé mi ìdí tí ẹ fi ń rò ó. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sí ẹni tí ó ń ra bẹntiróòlù tí kò fi ọwọ́ lérán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì 2L tí ó wà nínú àwọn Hiace àtijọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi lọ ènìyàn. Ìjókòó rẹ̀ àti ibi tí ó ti so mọ́ jíà yàtọ̀ sí ti 22R, nítorí náà ẹ óò ra jíà rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ óò gé ọ̀pá tí ń lọ sí ẹ̀yìn tàbí kí ẹ fà á gùn, ẹ óò jó irin ìjókòó tuntun mọ́ ṣáásì, ẹ óò sì tún wáyà ṣe. 2L tí kò ní tọ́bò, ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnì, kò tún lágbára tó 22R yín lórí òkè Iléṣà. Owó dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ kò sì kéré lọ́jà wa. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀ kò ní bá ti ara ọkọ̀ mu mọ́, àfi kí ẹ gba ọ̀dọ̀ àwọn tí ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ àti àwọn ọlọ́pàá lọ ṣe àtúnṣe rẹ̀. Tòkunbọ̀ sì ni ẹ ó fi gbogbo wàhálà yìí rà, ẹ́ńjìnì tí ẹ kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Tí 22R yín bá ní kọ́mpíréṣàn tí ó ju 142 lọ nínú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tún àlàfo fáàfù rẹ̀ ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, 0.20 mílímítà fún èyí tí ń gba afẹ́fẹ́ wọlé àti 0.30 fún èyí tí ń lé èéfín jáde. Ẹ fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i pẹ̀lú àlàfo 0.8 mílímítà, ẹ pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni gbogbo èyí, ìwọ̀n epo tí ọkọ̀ ń jẹ yóò sì dín kù.

Bíréèkì ni kí owó tí ó pọ̀ jù lọ sí, kì í sì í ṣe ibi tí a ti ń wá ẹ̀dínwó. Omi bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìpẹtà yóò ti mú inú másítà sílíńdà àti àwọn sílíńdà kéékèèké tí ó wà nínú díróòmù ẹ̀yìn, rọ́bà wọn yóò sì ti le. Ẹ tú gbogbo rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rọ́bà àti àwọn páìpù rọ́bà tí ó lọ sí táyà, ẹ yẹ páìpù irin wò láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi omi bíréèkì DOT 3 tuntun kún un. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sún mọ́ ibi tí a ń da omi bíréèkì sí, ẹ lé e. Ọ́ìlì máa ń wú rọ́bà inú rẹ̀, bíréèkì a sì há tàbí kí ó kú pátápátá. Bí ojú díróòmù tàbí dísìkì bá ti jẹ kọ́lọkọ̀lọ, a lè fi ẹ̀rọ léètì ha á kí ó tẹ́jú, tí kò bá tíì fẹ́lẹ́ kọjá ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára. Òṣogbo, tí iléeṣẹ́ Nigeria Machine Tools ti wà láti ọdún 1980, kò ṣe aláìní ẹni tí ó mọ léètì lò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú ara yín rí nìyí kí ẹ tó sọ̀rọ̀ lífù mọ́. Ẹ tẹríba wo ẹ̀yìn ọkọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ óò rí ọ̀pá irin tín-ín-rín kan. Orí rẹ̀ kan so mọ́ ọ̀pá táyà ẹ̀yìn, orí kejì sì wọ inú fáàfù bíréèkì kékeré kan tí wọ́n dè mọ́ ṣáásì. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, ẹ̀yìn rẹ̀ a ga, fáàfù yẹn a sì dín agbára tí ó ń lọ sí bíréèkì ẹ̀yìn kù, kí táyà ẹ̀yìn má baà há kí ọkọ̀ sì yí po lójú títì ọlọ́dà tí òjò ti rin. Nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, ṣáásì a sọ̀kalẹ̀, ọ̀pá náà a yí, fáàfù a sì ṣí sí i, nítorí pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ti wúwo, ó sì lè gba bíréèkì tí ó pọ̀. Bí ẹ bá wá fi lífù mẹ́ta kún sípíríìnì, tí ẹ̀yìn ọkọ̀ kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́ bí ó ti wù kí ẹrù pọ̀ tó, lójú fáàfù yìí ọkọ̀ yín ṣófo ní gbogbo ìgbà. Ẹ óò gbé sìmẹ́ńtì sọ̀kalẹ̀ òkè Iléṣà, bíréèkì iwájú nìkan ni yóò sì máa jà, títí yóò fi gbóná jù tí kò ní mú nǹkan mọ́. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì mìíràn máa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ fáàfù náà kúrò, wọ́n á sì so páìpù pọ̀ tààrà. Nígbà náà, ewu náà yóò bọ́ sí ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ṣófo.

Lífù kò tún sọ ọkọ̀ tọ́ọ̀nù kan di ti tọ́ọ̀nù méjì. Ṣáásì, bíárìn táyà, ọ̀pá ẹ̀yìn àti bíréèkì ṣì wà bí wọ́n ti wà. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kìlógíráàmù 50. Ogún àpò ti di tọ́ọ̀nù kan, ó sì wà ní àyíká òpin ohun tí irú Hilux yìí lè gbé, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n awakọ̀ àti ẹni tí ó jókòó tì í wà nínú ìṣírò náà. Fún ẹni méjì níwájú, àpò mẹ́tàdínlógún ni èmi yóò fi ṣe òpin. Oúnjẹ adìẹ tí àpò rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 25 lè tó mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Bí iṣẹ́ yín bá ń béèrè ogójì àpò sìmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ mìíràn ni iṣẹ́ náà ń béèrè. Èyí tí ẹ lè ṣe sí sípíríìnì ni kí ẹ wò bóyá lífù kankan ti ṣẹ́, kí ẹ pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kí ẹ fi bóòtì oníhòòkù tuntun dè é mọ́ ọ̀pá táyà, kí ẹ sì pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Bí ó bá ti tẹ́ pátápátá, ẹ wá odindi sípíríìnì tí wọ́n tú lára Hilux bíi tirẹ̀, dípò kí alágbẹ̀dẹ fi iná tẹ̀ ẹ́ padà. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ irin, ṣùgbọ́n sípíríìnì tí wọ́n kàn mú pọ́n nínú ẹyín iná, tí wọn kò sì fún un ní agbára padà bí ó ti yẹ, kì í pẹ́ kí ó tó tún tẹ́ tàbí kí ó ṣẹ́. Bí gíga ẹ̀yìn ọkọ̀ bá yàtọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà, kí mẹkáníìkì tún ọ̀pá fáàfù bíréèkì yẹn tò.

Nípa táyà ńlá, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí táyà tí ó wà níbẹ̀ bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 66, tí ẹ gbé èyí tí ó ga tó 79 sí i, aago eré yóò máa ka 60 nígbà tí ẹ ń sá 72, kílọ́ọ̀ṣì yóò máa jìyà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń gbéra, ọkọ̀ yóò sì máa wá jíà kékeré lórí òkè tí ó ti ń fi jíà ńlá gùn tẹ́lẹ̀. Ẹ ra ìwọ̀n tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀, èyí tí wọ́n kọ lẹ́tà C sí lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀, nítorí pé òun ni wọ́n ṣe fún ẹrù. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn lára ọ̀rọ̀ DOT ní ẹ̀gbẹ́ táyà: 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2024. Táyà tòkunbọ̀ kò dára fún ọkọ̀ ẹrù, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ hù tó.

Ẹ̀yà tòkunbọ̀ kò burú nínú ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn, jíà, sítátà, ọ̀tánétọ̀, sípíríìnì, gíláàsì, gbogbo wọn ni mo máa ń fọwọ́ sí pé kí ènìyàn rà ní tòkunbọ̀, bí ó bá lọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ kí ó fi wé e. Bí ẹ kò bá rí i ní Òṣogbo, ọjà Àrárọ̀mí ní Gate ní Ìbàdàn súnmọ́ wa ju Ládìpọ̀ ní Èkó lọ, ẹ sì lè lọ kí ẹ bọ̀ lóòjọ́. Ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró, ohun tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, bẹ́líìtì, ṣéènì táímìn àti táyà, tuntun ni kí gbogbo wọn jẹ́. Ẹ san owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, ẹ ra ẹ̀yà fúnra yín, kí ẹ sì gba èyí tí wọ́n yọ padà.

Ríwáyà, ìyẹn ẹni tí ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe, ni ó tẹ̀ lé e. Eku fẹ́ràn ọkọ̀ tí ó wà lábẹ́ igi, nítorí náà kí ó tọ gbogbo wáyà láti bátìrì dé iná ẹ̀yìn, kí ó ha ibi tí wáyà ilẹ̀ ti kan ẹ́ńjìnì àti ṣáásì kí irin rẹ̀ mọ́, kí ó sì yọ gbogbo wáyà tí ẹnikẹ́ni bá fi rọ́pò fíúsì.

Àyípadà tí mo lè fọwọ́ sí ní àkókò yìí kò ju méjì lọ, wọ́n sì bá iṣẹ́ yín mu. Ẹ tẹ́ pákó líle sí ilẹ̀ àpótí ẹrù, kí ẹ fi bóòtì dè é, kí ó ṣeé tú fọ̀. Yóò gba ìyà tí àpò àti ṣọ́bìrì ì bá fi jẹ irin. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe àgò irin sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún àpò oúnjẹ adìẹ, irin fẹ́lẹ́ tí kò wúwo, tí wọ́n fi bóòtì dè mọ́ àpótí, tí kò bo iná ẹ̀yìn tàbí nọ́ńbà ọkọ̀. Kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí àgò náà bá wọ̀n, ẹ yọ ọ́ nínú ẹrù tí ẹ lè gbé. Ṣáásì tí ẹ ti fọ̀ tí ẹ sì ti tún ṣe, ẹ fi ọ̀dà pupa tí ń dènà ìpẹtà kùn ún kí ẹ tó fi dúdú lé e, kí ẹ má sì dí àwọn ihò omi wọ̀nyẹn. Ọ̀dà ara ọkọ̀ lè dúró di ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ń mówó wọlé. Bí ó bá yá, ẹ lo àwọ̀ tí ó wà nínú ìwé, kí ẹ má baà tún lọ jókòó ní ọ́fíìsì àwọn tí ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Orúkọ bàbá sì ṣì wà lórí ìwé náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ láti yí i sí orúkọ yín láti ìsinsìnyí.

Nígbà tí gbogbo èyí bá parí, ẹ má gbé ẹrù kíkún lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ kìíní. Ẹ fi ọkọ̀ òfìfo lọ sí Ìlobù kí ẹ bọ̀, ẹ fọwọ́ kan àárín táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí ó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, bíréèkì rẹ̀ ń há tàbí bíárìn rẹ̀ ti gbó. Ní ọjọ́ kejì, ẹ gbé àpò márùn-ún, lẹ́yìn náà mẹ́wàá, kí ẹ sì tún bóòtì sípíríìnì fún lẹ́yìn ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó ra ohunkóhun tí ó ju asẹ́ epo, ọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì lọ, ẹ kọ nọ́ńbà kọ́mpíréṣàn sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àwòrán ibi mẹ́ta tí mo dárúkọ lára ṣáásì, kí á lè pín owó tí ó kù.